Omi Ọṣẹ Nínú Bíréèkì

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ níwájú mi pé "ìyẹn náà á ṣe é," inú á ti bí mi kí n tó mọ ohun tó ń sọ rárá. Àwọn ọmọ àbúrò mi mọ̀ ọ́n mọ́ mi. Wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́, wọ́n á sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Wọn ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bá mi. Orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan ló ti bá mi, láàárín Ìmẹ̀rí àti Ìdóàní, nínú lọ́rì tó kún fún iṣu àti obìnrin, níbi tí mo ti fẹsẹ̀ wá bíréèkì tí n kò rí i.

Lọ́rì náà kì í ṣe tèmi. Ti ẹ̀gbọ́n mi ni, ọmọ ìyá mi gan-an, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba nílùú Ọ̀wọ̀. Ó rà á lọ́wọ́ àwọn agégẹdú nígbà tó ti gbó mọ́ wọn lọ́wọ́, ó sì fi mí ṣe dírẹ́bà rẹ̀, nítorí pé ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, kò sì sí ọ́fíìsì tó ń wá mi. Nígbà yẹn, àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún àwọn alágbádá ni, ohun èlò mọ́tò sì wọ́n bí ojú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa ẹ̀gbọ́n mi: ó fẹ́ràn lọ́rì yẹn. Bí ọdún bá ti ń yí, á ní kí wọ́n tún ọ̀dà rẹ̀ kùn, búlúù lápá kan, pupa lápá kan, á sì ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ gàdàgbà síwájú orí rẹ̀: MÁ BẸ̀RÙ. Èmi tí mò ń jókòó sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà ni mo mọ bí mo ṣe ń gbọ̀n.

Ohun tí ojú ń rí là ń kùn. Abẹ́ lọ́rì, ta ló ń wò ó? Ilẹ̀ wa lọ́hùn-ún tutù. Òjò a máa rọ̀ láti ìgbà tí a bá gbin àgbàdo títí a ó fi wa iṣu, ẹrẹ̀ pupa á lẹ̀ mọ́ abẹ́ mọ́tò, kò ní gbẹ, kò ní bọ́. Àdá tí àgbẹ̀ bá gbàgbé sí ahéré, kó tó padà débẹ̀, ó ti dípẹtà. Ìdí nìyẹn tí àwọn bàbá wa fi máa ń fi epo pupa pa àdá àti ọkọ́ lára kí wọ́n tó gbé e kọ́. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe rí i tí bàbá wa ń ṣe àdá ló ṣe lọ́rì. Á gbé epo wá nínú agolo, á ní kí n wọ abẹ́ mọ́tò, kí n fi àkísà pa gbogbo irin tí ọwọ́ mi bá tó. Bí mo bá jáde, n óò máa rùn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dín.

Ti epo ṣì kéré. Èyí tí a ń dà sínú rẹ̀ gan-an ló fẹ́ pa wá. Bíréèkì lọ́rì yẹn, ọ́ìlì ló ń gbé e ṣiṣẹ́. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, ọ́ìlì á gba inú páìpù tín-ín-rín lọ sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á sì fún táyà mú. Bí ọ́ìlì bá jò tán, afẹ́fẹ́ lò ń tẹ̀. Ọ́ìlì yẹn kò sí lọ́jà, bó bá sì wà, ẹni tó mọ èèyàn lókè ló ń rí i rà. Àwọn dírẹ́bà wá dá ọgbọ́n kan. Wọ́n á bu omi, wọ́n á gé ọṣẹ sí i, wọ́n á rò ó títí á fi ki, wọ́n á dà á síbi tí ọ́ìlì yẹ kó wà. Bíréèkì á le lẹ́sẹ̀, mọ́tò á sì dúró. Ọ̀gá mẹkáníìkì kan ní Ìdóàní ló ń rò ó fún wa. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé omi ò ní ba irin jẹ́ báyìí?"

Ó ní, "Ìyẹn náà á ṣe é. Ọṣẹ ni. Ìgbà wo ni ọṣẹ ba nǹkan jẹ́ rí?"

Ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ọ̀la rẹ̀ ni ọjà Ọ̀wọ̀. A ti kó àwọn obìnrin oníṣu ní Ìmẹ̀rí pé kí wọ́n lè sùn sí Ọ̀wọ̀, kí wọ́n pàtẹ ní kùtùkùtù. Ìyá wa, tó jẹ́ ògbólógbòó oníṣu, jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé àgbébọ̀ adìẹ kan lé itan. Lẹ́yìn lọ́rì, ọkùnrin kan tó dàgbà jù mí lọ dúró, ó gbé ìtì igi kúkurú dání. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bí mọ́tò bá fẹ́ yọ̀ lórí òkè, kó bẹ́ sílẹ̀, kó fi igi há táyà.

A débi tí ọ̀nà ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Mo tẹ bíréèkì. Ó rọ̀ wọ̀ọ̀, bí ìgbà tí ẹsẹ̀ bá wọ ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀kọ. Mo fa jíà, jíà han mọ́ mi. Bíréèkì ọwọ́ ńkọ́? Okùn rẹ̀ ti já tipẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ní ọwọ́ ò ṣe ohun tí ẹsẹ̀ ń ṣe. Mo wá pariwo pé, "Igi! Igi o!"

Ọkùnrin náà gbọ́. Ó bẹ́ sílẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lọ́rì tó ń sáré relẹ̀ kì í dúró de igi. Mo rí i nínú dígí: ó dúró láàárín títì, ó gbé igi mọ́ àyà bí ìyá ọmọ, ó ń wò wá bí a ṣe ń lọ.

Orin ni àwọn obìnrin ń kọ lẹ́yìn tẹ́lẹ̀. Orin di igbe, igbe di "Jésù!" Èmi náà fẹ́ ké pe ẹnì kan. Ẹni méjì péré ló wá sí mi lọ́kàn, Jésù àti ìyá mi, ìyá mi sì nìyí, ó jókòó tì mí. Mo rí oko ẹ̀gẹ́ kan lọ́wọ́ ọ̀tún. Mo dorí lọ́rì kọ ọ́. Ó gun ebè, ó sọ̀, ó tún gun òmíràn, iṣu ń fò bí ẹyẹ, lẹ́yìn náà ẹrẹ̀ gbá a lẹ́sẹ̀ mú, ó sì dúró. Àgbébọ̀ gba ojú fèrèsé jáde.

Kò sí ẹni tó kú, kò sí ẹni tó dá lẹ́sẹ̀. Ìyá wa wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀, ó wá wo ṣòkòtò mi.

Ó ní, "Ọmọ mi, òjò ò tíì rọ̀ lónìí o."

Obìnrin kan na ọrùn láti ẹ̀yìn, ó ní, "Dírẹ́bà, ẹ kọ ọ́ síwájú mọ́tò pé ká má bẹ̀rù. Ta lẹ̀ ń bá wí?"

"Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́," ni mo sọ. Ohùn mi dún bí ohùn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú.

Àwọn obìnrin ṣa iṣu padà sínú lọ́rì, àwọn agégẹdú kan fi ṣéènì fà á dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì wa ní Ìdóàní, gbogbo wa sì tẹ̀lé e. Ẹlẹ́nu ni ọkùnrin náà, kì í fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ kí ẹnu má ṣe ju ọwọ́ lọ. Ó wọ abẹ́ mọ́tò, ó tú páìpù ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan tó ti là. Omi pupa rúsúrúsú ṣàn jáde, ó ń hó díẹ̀díẹ̀.

"Dírẹ́bà, wá wò ó! Inú ni ìpẹtà ti jẹ ẹ́ bọ̀ wá síta."

"Ọ̀gá, epo tí mo fi ń pa á lára ńkọ́?"

"Ìta lo pa, inú ni omi wà. Ẹni tó da omi sínú irin, kí ló rò pé irin á fi ṣe? Kó fi wẹ̀ ni?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ rò ó fún wa?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá sípánà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹni tó ni ẹran ló ní kí n bọ́ ọ ní yanrìn. Ṣé èmi ni mo ni ẹran ni?"

Inú bí mi débi pé mo ní láti lọ dúró sídìí igi ọsàn kan. Kì í ṣe òun nìkan ló bí mi nínú. Ọ̀dà búlúù yẹn bí mi nínú, ó ń dán nínú oòrùn bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi, tí mo ti ránṣẹ́ sí, gun alùpùpù rẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́, ẹ̀wù funfun lọ́rùn. Kò béèrè ìyá wa. Ó kọ́kọ́ yí lọ́rì po, ó ń fọwọ́ pa ibi tí igi ẹ̀gẹ́ ti ha ọ̀dà. Lẹ́yìn náà ló tó bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀.

Ó ní, "Páìpù kan péré ló jò. Ẹ fi pílọ́ọ̀sì tẹ ìdí rẹ̀ pa. Ẹsẹ̀ mẹ́ta tó kù á máa mú. Ẹ da omi ọṣẹ mìíràn sí i, kí wọ́n gbéra láfẹ̀mọ́júmọ́. Ìyẹn náà á ṣe é."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò wà á."

"Ojo! Láti kékeré lo ti ya ojo. Alángbá lo rí lódò lọ́jọ́sí tí o fi ìhòòhò sáré wálé."

"Ojo ni mí. Mo tọ̀ sára lónìí pẹ̀lú. Ẹ kọ ìyẹn náà síwájú lọ́rì."

Mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi kò rín. "Dírẹ́bà pọ̀ ní páàkì. Bí a ò bá gbé àwọn obìnrin yìí lọ́la, lọ́rì ẹlòmíràn á gbé wọn, wọn ò sì ní padà sọ́dọ̀ wa mọ́. Bí o kò bá wà á, ẹlòmíràn á wà á."

Ìyá wa jókòó lórí àpótí, ó ń gbọ́ wa. Kò fẹ́ kí ọmọ òun méjèèjì jà lójú àlejò. Ó ní, "Èyí tó bá wà á nínú yín, ẹ gbé mi lọ. Mọ́tò ọmọ mi ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí mi nínú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Bí mo bá sá, ara mi nìkan ni mo gbà là. Ẹni tí n kò mọ̀ rí ni yóò gbé ìyá mi lọ sórí òkè yẹn. Mo fà á lọ́wọ́ dìde, mo mú un lọ sídìí lọ́rì, níbi tí páìpù iwájú ti yọ, ọ̀kan nínú èyí tí ẹ̀gbọ́n mi ní yóò máa mú. Epo ń dán lára rẹ̀ mìnìmìnì.

Mo ní, "Ìyá, ẹ dán èyí wò bí ẹ ṣe ń dán iṣu wò."

Ẹ ní láti rí ìyá wa lọ́jà kí ẹ tó mọ ohun tí mò ń sọ. Kì í gba èèpo iṣu gbọ́. Á wá abẹ́ orí iṣu, níbi tó ti ń rà bọ̀, á ki èékánná àtàńpàkò bọ̀ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu epo kúrò. Ó ki èékánná mọ́ páìpù.

Ó wọlé.

Omi pupa yọ, ó kán sórí ọwọ́ rẹ̀, ọṣẹ ń hó lára rẹ̀. Ó gbọ́ òórùn rẹ̀.

Ó ní, "Ó ti rà." Ó yíjú sí àkọ́bí rẹ̀. "O fi epo pa á kí n má baà rí i?"

"Ìyá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀, epo ni kì í jẹ́ kí..."

"Oníṣu tó fi ẹrẹ̀ bo ojú ibi tó ti rà, kí là ń pè é lọ́jà?"

Ẹ̀gbọ́n mi, tó máa ń gbé àwo ọrẹ kiri ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, kọjú sí alùpùpù rẹ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tí à ń pè é.

"Iṣu mi ò ní lọ lọ́la," ni ìyá wa wí. Ó ké sí àwọn obìnrin yòókù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ń sọ iṣu wọn kalẹ̀, wọ́n ń bú lọ́rì, wọ́n ń bú wa. Ẹ̀gbọ́n mi gun alùpùpù rẹ̀, ó lọ láìdágbére fún ẹnikẹ́ni.

Ó padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ó ju páìpù kọ́pà, èyí tí kì í dípẹtà, sí mi lẹ́sẹ̀, pẹ̀lú ọ́ìlì bíréèkì gidi nínú agolo. N kò dúpẹ́. Mo bínú bá mẹkáníìkì ṣe iṣẹ́ náà. Nọ́ọ̀tì kò tú. A fi kẹrosíìnì rẹ ẹ́, a fi iná jó o, a gbá a ní hámà bí ẹni tó jẹ wá ní gbèsè. Nígbà tí a ṣí ẹsẹ̀ táyà, epo pupa tèmi náà ti wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀, ó ń yọ̀ lára bíréèkì. Mẹkáníìkì bi mí bóyá ẹ̀gẹ́ ni mo fẹ́ fi dín níbẹ̀. Nígbà tí a fi páìpù tuntun sí i tán, mo jókòó sókè, ó wà nísàlẹ̀, ó ń pariwo pé, "Tẹ̀ ẹ́! Dì í mú! Fi sílẹ̀!" títí afẹ́fẹ́ fi jáde tán, tí bíréèkì sì le gan-an lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bí òkúta.

Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, ẹ̀gbọ́n mi wá wò bí a ṣe máa gbéra ní Ìmẹ̀rí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bọ́ síwájú."

"Alùpùpù mi yá jù, mo níṣẹ́ lọ́fíìsì."

Ìyá wa ti jókòó, òun àti àgbébọ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n rí mú padà nínú oko ẹ̀gẹ́. Ó fọwọ́ gbá àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Wá jókòó, ọmọ mi. Ṣebí mọ́tò rẹ ni."

Ó jókòó. A dé orí òkè yẹn. Láti ibi tí ojú mi ti rí i lókèèrè ni mo ti ń tẹ bíréèkì, àwọn obìnrin sì ń pariwo lẹ́yìn pé, "Dírẹ́bà, ṣé òkú lo gbé ni? Wà á!" Bíréèkì ń mú, lọ́rì ń sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, síbẹ̀ n kò gbà á gbọ́.

Mo yọ́jú wo ẹ̀gbọ́n mi. Ó di ilẹ̀kùn mú. Bàtà rẹ̀ dídán ń tẹ pákó níwájú rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tú u, ó tún ń tẹ̀ ẹ́, níbi tí kò sí nǹkan kan.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn náà á ṣe é."

Kò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pákó náà títí a fi dé Ọ̀wọ̀. Inú ṣì ń bí mi. Ìyá wa ń bá adìẹ rẹ̀ sọ ọ́ pé kó fara balẹ̀, pé lọ́tẹ̀ yìí, kò ní í fò.