Ọwọ́ Tó Wẹ Ọmọ Títílọpẹ́

Ọdún méjìlélógún ni Mùlíkátù fi wẹ ọmọ tuntun ní ilé-ìwòsàn aládàáni kan ní Itamaga. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ìwé mẹ́fà ló kà, ṣùgbọ́n bó bá ti gbé ọmọ sórí ẹsẹ̀, tó nà án lápá, tó nà án lẹ́sẹ̀, ẹkún á dá. Abọ́ òrí kan ṣoṣo ló ń lò fún gbogbo wọn. Ọ̀gá rẹ̀, Nọ́ọ̀sì Morádéyọ̀, sọ̀rọ̀ títí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó: kó máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kó tó kan ọmọ mìíràn, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ní òrí tirẹ̀. Mùlíkátù á kàn rẹ́rìn-ín. Lójú tirẹ̀, ọwọ́ tútù ló máa ń da jìnnìjìnnì bo ọmọ. Sípírítì ló fi ń nu ọwọ́ tirẹ̀. Agídí ni, ẹ má jẹ́ ká fọ̀rọ̀ pamọ́.

Lásìkò òjò ọdún 2006, ara Tìmílẹ́hìn, ọmọ ọmọ rẹ̀, gbóná, egbò sì kún ẹnu rẹ̀. Láàárọ̀, Mùlíkátù nu itọ́ ẹnu ọmọ náà, ó pààrọ̀ ìlédìí rẹ̀, ó sì wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọmọ tuntun márùn-ún ni ibà mú, tí wọn ò mu ọyàn mọ́. Ara mẹ́rin yá. Ìkarùn-ún, àkọ́bí Títílọpẹ́ ará Agbowa, kú láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ.

Dókítà kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Ó ní kòkòrò inú ìgbẹ́ àti itọ́ ni, pé ọwọ́ ló ń gbé e kiri, pé sípírítì kì í fi bẹ́ẹ̀ pa á, àfi ọṣẹ àti omi. "Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ọmọ ń ṣàìsàn nílé ẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀fun Mùlíkátù, ó gbé e mì. Ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má lé òun. Wọn ò lé e; òun fúnra rẹ̀ ló fiṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù kejì, torí kò lè wojú ọmọ kankan mọ́. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Tirẹ̀ kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn ọdún méjì, Títílọpẹ́ wá a dé ilé, ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lápá rẹ̀, fídà tó fi ń fún un ní wàrà lọ́wọ́.

"Ọwọ́ yín tù mí lára nígbà yẹn, mà. Ẹ bá mi wẹ èyí náà."

Mùlíkátù kúnlẹ̀ fún ẹni tó lè bí lọ́mọ. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: ti Tìmílẹ́hìn, ti abọ́ òrí, ti ìbéèrè dókítà tí òun dákẹ́ sí. Èébú ló ń retí, kódà ó ń retí ìgbájú.

Títílọpẹ́ ò bú u. Ó kàn ń wo fídà ọwọ́ rẹ̀.

"Ìyá ọkọ mi ló ní ọmú mi korò. Wọ́n kó èèrà sínú omi ọmú mi láti dán an wò, èèrà kú. Látìgbà yẹn ni mo ti gbà pé èmi ni mo pa ọmọ mi." Ó gbójú sókè wo Mùlíkátù. "Ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe èmi, mà?"

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó ń forí wá àyà ìyá rẹ̀. Mùlíkátù bẹ̀ ẹ́ pé kó fún un lọ́yàn, pé kò sí nǹkan kan nínú ọmú náà.

"Mo ti fi ọ̀já di ọmú náà látọjọ́ tí mo bí ọmọ yìí, kó lè gbẹ," ni Títílọpẹ́ wí. "Ó ti gbẹ, mà."