Ohùn Bàbá Nínú Kọ̀ǹpútà Àwọn Aṣòfin

Ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tójú mi rí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Iṣẹ́ mi, níbí nílùú Ìlọrin, ni kí n máa tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn aṣòfin àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ má rò pé nǹkan ńlá ni o. Ohùn àwọn tó ń hanrun nínú ìjókòó ló pọ̀ jù níbẹ̀!

Àwa mẹ́ta la jọ ń ṣe é. Alhaja Sídí, ọmọ Ìlọrin pọ́ńbélé, ló máa ń tẹ ọ̀rọ̀ ìjókòó nígbà ayé àwọn aṣòfin yẹn, wọ́n sì dá ohùn gbogbo wọn mọ̀. Ṣọlá, ọmọ Ọ̀mù-Àrán, ló ń gbé ohùn inú kásẹ́ẹ̀tì wọnú kọ̀ǹpútà. Èmi ló ń fún fáìlì lórúkọ. Àwọn tó ṣáájú wa pe gbogbo fódà ní "New Folder". Ta ló ń bímọ ogún tó ń sọ gbogbo wọn ní Ọmọ Tuntun?

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, obìnrin kan tó máa tó ẹgbẹ́ mi wọlé láti Òkè-Oyì. Ó ní bàbá òun tó ti kú ti ṣe aṣòfin rí, pé àwọn fẹ́ ṣàdúrà ìrántí fún wọn lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn sì fẹ́ gbọ́ ohùn wọn. Gbogbo ìlú ló mọ̀, ó ní, pé bí bàbá bá dìde sọ̀rọ̀, ilé á mì tìtì.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi wá a. Èmi ń wo ìwé orúkọ kí n lè mọ ọjọ́ tí bàbá wá, Ṣọlá ń gbé ohùn ọjọ́ náà sí i, Alhaja ń gbọ́, wọ́n ń mirí. Ìgbà tó di Tọ́sìdeè, wọ́n ní, "Àwọn nìyí."

Ṣé ẹ mọ ohun kan ṣoṣo tí bàbá sọ, ní gbogbo ọdún mẹ́rin gbáko tí wọ́n fi ṣe aṣòfin? Wọ́n ní kí Sípíkà jọ̀ọ́ bá àwọn ti fèrèsé, atẹ́gùn ń gbé ìwé àwọn lọ. Ó tán.

Ṣọlá ní ká sọ pé a ò rí nǹkan kan, ká bo àṣírí òkú. Èmi náà gbè é lẹ́yìn. Mo tiẹ̀ ní ká yá wọn lóhùn aṣòfin mìíràn tó mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ. Alhaja wò wá láti òkè délẹ̀.

"Wàláhì, mi ò ní purọ́ fún ọmọ òrukàn. Ohun tí wọ́n sọ la gbà láti tọ́jú, kì í ṣe ohun tó yẹ kí wọ́n sọ."

Obìnrin náà dé, ó ki nǹkan ìgbọ́rọ̀ bọ etí. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní ká tún un gbé sí i. Nígbà kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú ẹ̀.

"Bí wọ́n ṣe máa ń bá wa sọ̀rọ̀ nílé gan-an nìyẹn," ó ní. "Mo ti gbàgbé."

Ó ní kí n fi sórí fóònù òun. Kò bi wá bóyá òmíràn wà.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé a kì í báni mọ iyì ohun tẹ́ni náà ń wá. Ohun tí mo fẹ́ fi ṣẹ̀fẹ̀ ni ẹlòmíràn ń sunkún sí. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló wà nínú fóònù yín tí ẹ ò lè pa ohùn ẹ̀ rẹ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo ń kà á. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ fún fáìlì náà lórúkọ gidi.