Ilẹ̀kùn Rédíò Bàbá Mi

Ara mi kì í gbà á kí nǹkan bàjẹ́ kó wà níwájú mi, kí n máa wò ó níran. Ẹ wá wo ìyà tó jẹ mí lẹ́yìn ikú bàbá mi, nígbà tí rédíò wọn dúró gbagidi ní pálọ̀ wa ní Ìlódè, tí màmá mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Kápẹ́ńtà ni bàbá mi. Nígbà tí àpótí tí wọ́n ra rédíò náà mọ́ fọ́, wọ́n fi igi àfàrà kan ilé tuntun fún un: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré, tòun ti fèrèsé tí ohùn ń gbà jáde, àti ilẹ̀kùn méjì níwájú tó ní kọ́kọ́rọ́. Bí màmá mi bá ṣẹ̀ wọ́n, bàbá mi kì í pariwo. Wọ́n á pa rédíò, wọ́n á ti ilẹ̀kùn méjèèjì, wọ́n á fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Gbogbo ilé á pa lọ́lọ́. Ọjọ́ tí a bá tún gbọ́ ìròyìn, a mọ̀ pé ìjà ti parí nìyẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òjò ń rọ̀, àwọn méjèèjì ṣe gbólóhùn asọ̀ nítorí òrùlé tó ń jò. Bàbá fẹ́ gùn ún lọ dí i. Màmá ní ẹlẹ́jẹ̀ ríru wo ló ń gun òrùlé? Bàbá dìde. Wọ́n pa ilẹ̀kùn rédíò dé, wọ́n lọ sùn. Wọn ò jí mọ́.

Láàárọ̀, màmá mi fa ilẹ̀kùn rédíò náà, kò ṣí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ti pósí, màmá mi mú kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n bá lápò bàbá mi, wọ́n jù ú síbi ẹsẹ̀ òkú. "Ẹ máa gbé e lọ." Omi kan ò bọ́ lójú wọn. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ní ká tún rédíò ṣe, ohun kan náà ni wọ́n á sọ: "Bàbá ẹ yàn mí lódì lọ sọ́run. Ẹni tó tì í ni kó wá ṣí i."

Ọjọ́ tí màmá mi lọ kí àbúrò wọn ní Ìpetumodù, n ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo gbé rédíò náà wọ takisí, ó di Òkè-Ogbó, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe. Ṣé mo wá lè jókòó? Mo ń rìn síwá sẹ́yìn níwájú ṣọ́ọ̀bù títí ọkùnrin náà fi ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, òòyì ń kọ́ mi."

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú pákó ẹ̀yìn ni ohùn màmá mi dún lẹ́yìn mi. Wọ́n ti tètè dé, aládùúgbò tó bá mi gbé e wọ takisí sì ti tú mi fó.

"Olè! O wá ń jí nǹkan gbé nínú ilé mi!"

Orí èmi náà ti gbóná. "Mọ́mì, bàbá ti kú! Ìjà ti parí!"

"Ta ló sọ fún ẹ pé ó parí?"

Ọkùnrin náà ò dá sí wa. Ó tanná tọ́ọ̀ṣì sínú àpótí náà, ó ń gbá ìgbẹ́ aáyán kúrò. Ó wá gbójú sókè.

"Ta ló ní wọ́n tì í? Wọn ò tì í o. Irin tó máa ń jáde bí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́ ò jáde rárá. Omi ló kán sí igi yìí, ó wú, ilẹ̀kùn méjèèjì wá há mọ́ra." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tì wọ́n láti inú. Gbàà, wọ́n ṣí.

Màmá mi gba tọ́ọ̀ṣì, wọ́n wo ibẹ̀ fúnra wọn. Wọ́n fọwọ́ kan igi tó wú náà.

"Òjò," ni wọ́n wí. "Ó ń kán sí i lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Bàbá ẹ kàn pa á dé kí òjò má baà wọ inú rédíò ni." Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "Yéè! Gbogbo ayé ń sunkún ọkọ mi, èmi ń bínú sí i."

Ọkùnrin náà ń sọ fún mi pé gílóòbù inú ẹ̀ tó ń mú un sọ̀rọ̀ ti kú, àfi kóun wá òmíràn. N ò gbọ́ yòókù. Màmá mi ti tú gèlè, wọ́n fi bojú, wọ́n ń pe oríkì bàbá mi, wọ́n ń sunkún bí ẹni pé àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n bá òkú ọkọ wọn lórí bẹ́ẹ̀dì.