Àròkọ Ọmọ Sójà

Ọmọ mọ́kàndínláàádọ́rin ni mò ń kọ́ lọ́dún yẹn ní Òkòkómáìkò, ní kíláàsì kan ṣoṣo. Bí mo bá ní kí wọ́n kọ àròkọ, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń kọ: mo jí, mo fọ ẹnu, mo wẹ̀, mo wá sí ilé-ìwé. Kí n tó mààkì ogún, ojú mi á ti wúwo.

Àbúrò mi tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe l'Álàbá ló yá mi ní tẹlifíṣọ̀n, fídíò àti kásẹ́ẹ̀tì kan, kí àwọn ọmọ lè rí nǹkan mìíràn kọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kàn fẹ́ da ara yín láàmú ni," ó ní. Síbẹ̀ ó bá mi gbé wọn wá sí kíláàsì.

Fíìmù òyìnbó ni, bí àlọ́: ọmọbìnrin kan gun ẹja ńlá lọ sí ìlú tó wà lábẹ́ òkun. Èmi ni mò ń túmọ̀ ohun tí wọ́n ń sọ. Àwọn ọmọ dákẹ́ lọ gbári, àwọn alápamáṣiṣẹ́ tó máa ń sùn lẹ́yìn kíláàsì gan-an dìde dúró. Bí ọmọbìnrin yẹn ṣe dé ibodè ìlú náà báyìí, iná lọ. A dúró títí, kò dé.

"Ó dáa, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ parí ẹ̀ sínú ìwé yín," mo ní.

Ọ̀gá wa obìnrin pè mí sí ọ́fíìsì. "Ìyáàfin, ṣé sinimá la fi ń kọ́ wọn báyìí?" Mo bẹ̀ wọ́n, mo sì kó tẹlifíṣọ̀n àti fídíò náà kúrò ní kíláàsì.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ kọ ọ́ pé ọmọbìnrin inú fíìmù náà padà sílé, ó jẹ ìrẹsì. Àfi ọmọbìnrin kan láti Cantonment, bárékè tó wà nítòsí wa, tí bàbá rẹ̀ tó jẹ́ sójà lọ sí ogun Làìbéríà. Kì í kọ ju ìlà méjì lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú ewé mẹ́rin ló kọ. Ó ní:

"Àwọn ará ìlú náà bi í pé kí ló ń wá. Ó ní bàbá mi ni. Wọ́n ní ṣé sójà ni? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní àwọn sójà pọ̀ níbí, wọ́n ń sùn, má pariwo."

Àṣìṣe kún inú rẹ̀. N kò lè fi bírò pupa kàn án.

Mo ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀, mo sì kà á fún wọn. Obìnrin náà gba ìwé náà lọ́wọ́ mi.

"Tíṣà, mi ò tíì sọ fún un o."

"Kí lẹ ò tíì sọ, mà?"

"Láti oṣù tó kọjá ni àwọn ọ̀gá sójà ti pè mí. Bàbá ẹ̀ ò sí mọ́. Mò ń wá ẹnu tí màá fi sọ ọ́."

"Ó jọ pé ó ti mọ̀, mà," mo ní.

Mo pe ọmọ náà wọlé, mo sì jáde síta. Mo fẹ̀yìn ti ògiri. Mo retí igbe, n kò gbọ́ nǹkan kan, àfi ohùn ìyá tó ń lọ jẹ́jẹ́. Nígbà tí wọ́n jáde, ọmọ náà ló di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú, òun ló ṣáájú.

Kí sáà tó parí, wọ́n kúrò ní bárékè, wọ́n gba ìlú ìyá rẹ̀ lọ, lápá Ìjẹ̀bú. Ó wá kí mi pé ó dàbọ̀. "Máa kọ̀wé o," ni mo sọ fún un. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Ó lọ. N kò tún gbúròó wọn mọ́.