Àga Tí Yóò Máa Bá Àbúrò Mi Dàgbà

Ìró ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá mi ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ létí bí mo bá rántí ọdún náà. Télọ̀ ni bàbá mi ní Ìlọrin, ẹ̀wù àwọn Áfáà àti alikíńbà tí ìyàwó ń dà bora lọ́jọ́ wòlímọ̀ ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n rán jù. Bí wọ́n bá ń rán aṣọ ọdún fún àwa ọmọ, wọn kì í rán an mọ́ wa lára. Wọ́n á ká etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sínú ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin, kí wọ́n lè tú u sílẹ̀ bí a bá ga sí i. "Ẹ fi àyè sílẹ̀ fọ́mọ," ni wọ́n máa ń wí fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Àwọn ọmọ sì ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ nílé kéwú pé etí aṣọ wa nípọn bí ẹni kó ẹ̀wà pamọ́ síbẹ̀.

Tanke ni mò ń gbé nígbà náà, mò ń kọ́ ẹ̀kọ́ ẹnjiníà, mo sì rò pé mo ti gbọ́n tán. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wa bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà yàwòrán ẹ̀rọ ni. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan la ó yà lọ́tọ̀, a ó tò wọ́n pọ̀, a ó sì so ìwọ̀n wọn mọ́ra, débi pé bí a bá yí ìwọ̀n kan padà, gbogbo yòókù á tẹ̀lé e. Àbúrò mi obìnrin, àbígbẹ̀yìn ìyá wa, ni ọkàn mi sáré lọ bá. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé e rí. Ẹ̀yìn ìyá wa ló ń gùn lọ sílé kéwú, bẹ́ẹ̀ àpò àgbàdo ni wọ́n tún ń rù lọ́jà Ipata. Àga onítáyà tí ẹnìkan ta wá lọ́rẹ ti há mọ́ ọn. Mo wá búra pé èmi ni mo máa ṣe àga tí yóò máa bá a dàgbà.

Àṣejù tèmi ni pé mo sọ ìwọ̀n mẹ́ta di olórí tí yòókù ń tẹ̀lé lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbé kọ̀ǹpútà wálé láti fi ṣe fáàrí, mo tẹ nọ́ńbà tuntun sí i, ni táyà inú àwòrán bá wọnú ìjókòó, tí ibi ìgbẹ́sẹ̀lé yí sẹ́yìn. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní àga yìí fẹ́ jẹ òun ni. Olùkọ́ wa ló là mí lójú pé ọba kì í pé méjì láàfin: kí ìwọ̀n kan ṣoṣo jẹ́ olórí, kí n sì pààlà fún un, kó má baà kọjá ibi tí irin lè gbé. Mo fi gígùn àbúrò mi ṣe olórí. Kò lè dúró, nítorí náà orí ẹní ló máa ń nà sí, kí n fi téèpù bàbá wọ̀n ọ́n láti orí dé gìgísẹ̀.

Ó wá ku ibi tí màá pààlà sí. Mo bi ìyá wa. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n fara ti ògiri, wọ́n ní kí n wọn àwọn, ibi tí àwọn ga dé ni kí n fi ṣe ààlà, torí inú àga yẹn ni ọmọ àwọn máa jókòó sí ka kéwú lọ́jọ́ wòlímọ̀ rẹ̀ bó bá di ìyàwó. Àbúrò mi ní aláwọ̀ ewé ni òun fẹ́ kí alikíńbà òun jẹ́. Mo bi bàbá náà. Wọn kò gbójú sókè lórí aṣọ tí wọ́n ń rán.

"Ṣe èyí tó bá a mu lónìí," ni wọ́n wí.

Mo kọ háà nínú mi. Mo ní àbí bàbá ti ń ṣahun ni? Lọ́dún Iléyá yẹn, wọ́n rán aṣọ fún àbúrò mi, mo sì rí i pé wọn kò ká etí rẹ̀. Ó bá a mu géẹ́. Ìyá wa ní bóyá aṣọ ni kò tó. Èmi tí mo lè so ogún ìwọ̀n mọ́ra lórí kọ̀ǹpútà, n kò rí ọ̀rọ̀ bàbá so pọ̀ mọ́ aṣọ yìí.

Gíga ìyá wa ni mo fi pààlà, wẹ́dà àdúgbò sì bá wa jó àga náà. Páípù wọnú páípù, ihò wà lára rẹ̀ tí a ó máa fi fà á jáde bí ọmọ bá ti ń ga. Inú àbúrò mi dùn débi pé ó ń pàṣẹ fáwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí ìyá ọba. Ihò àkọ́kọ́ la ṣì wà nígbà tí ọyẹ́ dé, tí àìlera tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ gun àyà. A gbé e dé ọsibítù, a kò gbé e bọ̀ láàyè. Ríro ni ti ènìyàn, ṣíṣe ni ti Ọlọ́run.

Òkú mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀. Àbúrò bàbá wa wọlé wá béèrè bí ọmọ náà ṣe gùn tó, kí àwọn tó ń gbẹ́ sàréè lè mọ ibi tí wọn ó gbẹ́ ẹ dé. Bàbá mi, tó mọ ìwọ̀n gbogbo àdúgbò lórí, kọjú sí ògiri. Téèpù ṣì wà lọ́rùn wọn. Èmi ni mo dáhùn. Mo ti wọ̀n ọ́n ní Jímọ̀ tó ṣáájú. Nọ́ńbà tí mo fi ń darí àga ni wọ́n fi gbẹ́ sàréè àbúrò mi, ó sì dùn mí wọra.

Lẹ́yìn àdúrà fìdáù, tí àwọn tó wá kí wa ti bẹ Ọlọ́run kó fi Àlùjánnà kẹ́ ẹ, tí wọ́n ti lọ tán, bàbá pè mí. Wọ́n ní dọ́kítà ti sọ fún àwọn ṣáájú Iléyá pé ọmọ náà kò ní pẹ́ láyé.

"Mi ò lè sọ ọ́ fún ìyá yín. Mo fẹ́ ká etí aṣọ yẹn, ọwọ́ mi kọ̀ ọ́."

Ó ti pẹ́ báyìí. Mo ti níṣẹ́, mo ti ń gbé ilé ara mi. Bí Iléyá bá ti ń súnmọ́, bàbá á wá jókòó tì mí, wọ́n á ní kí n ṣí àwòrán àga yẹn. Màá sún ìwọ̀n náà sókè, bí mo ṣe rò pé àbúrò mi ì bá ti ga sí i lọ́dún kan. Àga á gbòòrò lójú wa, a ó máa wò ó. Lọ́dún yìí, kọ̀ǹpútà kò gba nọ́ńbà tí mo tẹ̀. Mo ṣàlàyé fún bàbá pé ó ti kan ààlà, ọmọ ti ga tó ìyá rẹ̀, ó ti tó ẹni tó ń ṣe wòlímọ̀. Mo fẹ́ pa á dé, wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Tú u," ni wọ́n wí. "Fi àyè sílẹ̀ fọ́mọ."

Mo yọ ààlà náà kúrò. Mo fi ìka mẹ́rin kún un.