Èèkàn Tí Mo Kàn Mọ́ Oko Olóko

Kùrukùru ní òórùn tirẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì dúró sínú oko ní àárọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí ìrì ṣì wà lórí koríko, lè má gbà mí gbọ́. Ó máa ń rùn bí aṣọ tí a sá tí kò gbẹ, pẹ̀lú èéfín iná àná díẹ̀ nínú. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, òórùn yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé iṣẹ́ yóò dára lọ́jọ́ náà. Lónìí, bí mo bá ṣí fèrèsé ilé mi ní Ìwó tí mo gbọ́ ọ, mo máa ń tì í padà.

Onífọ́tò ni mí nígbà náà. Ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti fọ́tò pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù ni mo fi ń jẹun. Nígbà tí fóònù gba èyí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa, atẹ̀wé kan ní ìgboro ní kí n máa ya òkè, odò àti oko agbègbè wa fún kàlẹ́ńdà tí òun ń tẹ̀ lọ́dọọdún. Iṣẹ́ náà kó sí mi lórí. Mo sọ fún ìyàwó mi pé n kì í ṣe onífọ́tò ìgbéyàwó mọ́, pé ilẹ̀ ni mò ń yà. Ó bi mí bóyá ilẹ̀ máa ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá ń yà á.

Ọlọ́kadà kan ló ń gbé mi kiri. A jọ kéwú lọ́dọ̀ ààfáà kan náà, a sì jọ jẹ ẹgba rẹ̀. Ó mọ gbogbo ọ̀nà tó wà láàárín Ìwó, Kuta àti Ilé-Ogbó, títí kan àwọn tí kì í ṣe ọ̀nà. Bí a bá ti sún mọ́ abúlé kan, yóò pa ọ̀kadà, yóò máa tì í wọlé, nítorí ó ní ẹni tó gun nǹkan wọ abúlé kò tíì kí ẹnikẹ́ni. Ọ̀dọ̀ baálẹ̀ la ó kọ́kọ́ lọ. Baálẹ̀ yóò ní kí wọ́n bu omi fún wa, yóò béèrè agboolé wa, yóò ní òun mọ bàbá ẹnì kan níbẹ̀, yóò ránṣẹ́ pe ẹlòmíràn kó wá rí wa. Nígbà tí a ó bá fi dìde, oòrùn ti mú, kùrukùru ti lọ.

Ìmọ́lẹ̀ sì ni gbogbo iṣẹ́ náà. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú. Bí o bá fẹ́ ya ilẹ̀ níbi tí o rìnrìn àjò dé, má ṣe yà á ní ọ̀sán gangan, oòrùn orí máa ń sọ òkè di pẹrẹsẹ bí àwo. Lọ ní àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́, nígbà tí òjìji gùn. Jẹ́ kí nǹkan kan wà níwájú, igi ọ̀pẹ tàbí ebè iṣu, kí ojú lè mọ bí ọ̀ọ́kán ṣe jìnnà tó. Ní ìgbà ọyẹ́, fi aṣọ tó rọ̀ nu ojú kámẹ́rà, má fẹnu fẹ́ ẹ. Mú ọ̀rá dání nítorí òjò. Sọ fún ará ilé ibi tí ò ń lọ. Lẹ́yìn náà, padà lọ síbẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo fi ń yangàn jù. Mo máa ń ya ibì kan ní ẹ̀ẹ̀rùn, kí n tún yà á nígbà òjò, kí àwọn méjèèjì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú kàlẹ́ńdà. Kí n lè dúró sójú kan náà gan-an, mo máa ń kan èèkàn kékeré mọ́lẹ̀ níbi tí mo gbé kámẹ́rà sí, mo sì máa ń kun orí rẹ̀ ní ọ̀dà pupa kí koríko má bàa bò ó mọ́ mi lójú.

Ẹnikẹ́ni tó ní ilẹ̀ ní agbègbè wa ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Èèkàn olórí pupa ni àwọn awọnlẹ̀ máa ń kàn mọ́ ilẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ tà. Èmi náà mọ̀ ọ́n, mo ti rí i lẹ́yìn ilé ara mi rí. Kò kàn wá sí mi lọ́kàn ni. Àwọn àgbà máa ń sọ pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Èmi tí ojú ni mo fi ń ṣiṣẹ́, mo rò pé òwe yẹn kò kàn mí.

Abúlé kan wà tí n kò ní dárúkọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ilẹ̀ ti wọ̀ sí ìsàlẹ̀, tí kùrukùru máa ń dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí wàrà nínú igbá, tí orí ọ̀pẹ á sì yọ sókè nínú rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí a débẹ̀, a kí baálẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì lọ. Láti ìgbà náà, mo ní kí ọ̀rẹ́ mi ọlọ́kadà máa gba ọ̀nà ẹ̀yìn.

"Ó yẹ ká yà kí baálẹ̀," ló máa ń wí.

"Bí a bá yà, ó ti bọ́ nìyẹn."

"Ṣé òkè yẹn máa sá ni? Ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá ẹ."

"Òkè ò ní sá. Ìmọ́lẹ̀ ló máa sá."

"Ó da, Alàájì Kámẹ́rà. Ìwọ lo mọ̀wé."

Á rẹ́rìn-ín, á sì gbé mi gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Láàárín ẹ̀ẹ̀rùn sí ìbẹ̀rẹ̀ òjò, mo ti kan èèkàn mẹ́rin síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wá mọ̀ pé ní àsìkò yẹn gan-an, wọ́n ti gbọ́ lábúlé náà pé ẹnì kan ní ìgboro ti ta ilẹ̀ wọn lẹ́yìn wọn. Wọ́n rí èèkàn mi. Wọn kò fà á tu. Wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n sì ń ṣọ́ ẹni tó máa padà wá síbẹ̀.

Ní àárọ̀ tí mo ń sọ yìí, mo ti tẹjú mọ́ kámẹ́rà lórí ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń gbé e dúró. Ọ̀rẹ́ mi wà lẹ́yìn mi pẹ̀lú ọ̀kadà. Mo gbọ́ tó ní, "Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin bàbá. Ẹ kú iṣẹ́ o." Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún kí wọn. Bí àgbẹ̀ kò bá jẹ́ kíkí, ó yẹ kí ara fu ènìyàn. Ṣùgbọ́n kùrukùru ti ń gbéra, n kò fẹ́ yíjú. Mo nawọ́ sẹ́yìn, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀."

"Ó ní ká dúró," ohùn kan wí. "Lórí ilẹ̀ bàbá wa."

Ìgbà náà ni mo tó yíjú. Wọ́n á tó mẹ́wàá, pẹ̀lú àdá àti kùmọ̀. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn béèrè ẹni tó rán wa. Mo ní kò sẹ́ni tó rán wa, pé fọ́tò la wá yà.

"Ta lẹ wá yà níbí? Àparò?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Fún ìṣẹ́jú kan mo rò pé ẹ̀rín ló máa parí ẹ̀.

"Ta ló kan àwọn èèkàn yìí?"

"Èmi ni." Mo yára sọ ọ́, bí ọmọ ilé-ìwé tó mọ ìdáhùn.

Ọ̀rẹ́ mi ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ìrì. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀. Èmi ni mo gbé e wá, mo sì mọ̀ pé ó yẹ ká kọ́kọ́ yà. Ẹ̀bi mi ni." Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì dákẹ́. Orí ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ló wà tí wọ́n fi kùmọ̀ lù ú.

Mo sá. Mo sá wọ inú kùrukùru tí mo wá yà, mo sì lúgọ sínú omi láàárín kókò, títí oòrùn fi mú mi lórí. Mo ń gbọ́ ohùn wọn lókè. Lẹ́yìn náà n kò gbọ́ ohùn mọ́. Ohun tí mo rántí jù ni pé ọwọ́ mi ṣì di aṣọ tí mo fi ń nu kámẹ́rà mú, n kò sì jẹ́ kó tutù.

Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ti sáré débẹ̀, tó bọ́ agbádá rẹ̀ bo ọ̀rẹ́ mi, tó sì wá ọkọ̀ tó gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìwó. Mo bá baálẹ̀ níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú singiléètì nìkan lọ́rùn. Mo dọ̀bálẹ̀. "Ọmọ mi," ó ní, "ká ní ẹ yà ni, ṣebí omi lásán ni ǹ bá fún yín mu." Ní ọjọ́ kejì, ọ̀rẹ́ mi kú láìsọ̀rọ̀ kan. Àwọn tó lù ú ti sá lọ. Àwọn ọlọ́pàá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, mo sì sọ ohun tí mo rí, èyí tí kò pọ̀. N kò sunkún. Títí di òní, n kò tíì sunkún. Ó dà bíi pé ibi tó yẹ kó ti dùn mí ti kú tipiri.

Kí àdúrà ọjọ́ kẹjọ tó pé, ìyàwó ọ̀rẹ́ mi kúnlẹ̀ kí mi nígbà tí mo lọ sí ilé wọn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wá fọ́tò bàbá àwọn ọmọ. Ẹ̀yin lẹ jọ ń rìn." Mo wá gbogbo ohun tí mo ní, ó gbà mí ní ọjọ́ méjì. Mo rí òkè, odò, ebè iṣu, ọ̀pẹ nínú kùrukùru, àfẹ̀mọ́júmọ́ oríṣiríṣi láti Kuta dé Ilé-Ogbó. N kò rí i nínú ẹyọ kan. Ẹ̀yìn mi ló máa ń wà nígbà gbogbo.

Káàdì ẹgbẹ́ ọlọ́kadà rẹ̀ ni mo gbà, mo sì sọ fọ́tò pélébé inú rẹ̀ di ńlá. Kò mọ́ dáadáa. Ojú rẹ̀ fẹ̀, ó sì ṣú.

Mo ti ta kámẹ́rà tí baálẹ̀ bá mi gbé kúrò nínú oko náà. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ṣì máa ń wá bi mí bí wọ́n ṣe ń ya ilẹ̀, mo sì ń sọ ti ìmọ́lẹ̀ àti ti ọ̀rá fún wọn. Bí mo bá ti dé orí kí wọ́n kọ́kọ́ yà kí onílé, wọ́n á ní, "Àwa máa tètè ṣe é kíá ni, sà." N kì í bá wọn jiyàn. Ní gbogbo ọdún, mo máa ń lọ kí ìyàwó ọ̀rẹ́ mi àti àwọn ọmọ. Wọ́n gbé fọ́tò náà kọ́ sí pálọ̀, lókè ilẹ̀kùn. Àga kan wà níbẹ̀ tó kọ ẹ̀yìn sí i, wọ́n sì ti mọ̀ báyìí pé orí rẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí. Wọn kì í bi mí ní ìdí rẹ̀. Wọ́n á kàn sún un fún mi.