Ìràwọ̀ Òkun Méjì tí Mo Rà fún Yanrìn Ìyá Ràfíátù

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ròyìn ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi fà.

Ìyàwó mi, Ìyá Ràfíátù, lọ bá ọmọ wa wẹ ọmọ tuntun ní Kánádà. Oṣù mẹ́ta la jọ sọ. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí! Yàrá mẹ́fà ló wà nínú ilé wa ní Bẹ̀yẹ̀rúnkà n'Ìbàdàn, èmi nìkan ni mo ń gbé inú rẹ̀.

Ohun tó fi lé mi lọ́wọ́ ni àpótí dígí tó ń sin ẹja òkun sí. Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ní Agodi ló fún un nígbà tí ọ̀gá náà ń kó kúrò nílùú. Omi oníyọ̀ ni, yanrìn funfun wà nísàlẹ̀, ẹja pupa méjì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, á pè mí lórí fídíò pé kí n gbé fóònù síwájú dígí. Ẹja ló máa ń kọ́kọ́ kí. Ṣé kí n máa jowú ẹja ni?

Nígbà tó yá, nǹkan kan tó ń yọ̀ bí ẹrẹ̀ bo yanrìn náà. Ẹ̀rù bà mí. Bí ẹja yìí bá kú, kí ni a ó máa jọ wò lọ́jọ́ Jímọ̀?

Mo gba ọ̀dọ̀ Àlàájà tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ lọ. Ó fi ìgbín òkun kéékèèké hàn mí, àwọn tó ń rì sínú yanrìn, tí wọ́n ń jẹ àjẹkù oúnjẹ ẹja. Ó ní mẹ́rin péré ti tó mi. Ṣùgbọ́n ojú mi ti lọ sára ìràwọ̀ òkun, ẹranko ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún tó ń rọra tú yanrìn. Àlàájà ní rárá o, àpótí mi kéré, yóò jẹ gbogbo kòkòrò inú yanrìn tán, ebi á sì pa á.

Èmi ò gbọ́. Mo tún ní kó fún mi ní méjì! Ẹ má bínú, nígbà tí wọ́n mú Ìyá Ràfíátù wá sí agboolé wa, àbúrò rẹ̀ kékeré ni wọ́n fi tẹ̀lé e, ó bá a gbé fún oṣù kan, kó má baà dá sunkún. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn. Mo ní fún Àlàájà pé àlejò kúkú ni ẹranko yìí náà, kò yẹ kó dá wà.

Àlàájà bú sẹ́rìn-ín. “Bàbá Ràfíátù, ẹ̀yin lẹ dá wà o, ẹranko yìí ò dá wà!”

Àwọn oníbàárà tó kù rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sanwó, mo gbé ẹrù mi.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, yanrìn funfun bí òwú! Ìyá Ràfíátù pàtẹ́wọ́ lórí fóònù. Láràárọ̀ ni mo ń jókòó ti ìràwọ̀ òkun méjèèjì, tí mo ń kí wọn kú iṣẹ́. Nígbà tó di oṣù kejì, wọn ò rìn mọ́. Ẹsẹ̀ èkíní bẹ̀rẹ̀ sí í já, tèkejì tẹ̀lé e, àwọn méjèèjì sì kú. Yanrìn mọ́ tónítóní, kò sóúnjẹ kankan nínú rẹ̀ mọ́. Èyí tí mo rà ṣe alábàárìn ló bá èkejì jẹ ìwọ̀nba tó wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ara ẹja nìkan ni mo dojú fóònù kọ. Ìyá Ràfíátù béèrè àwọn ìràwọ̀ òkun. Mo jẹ́wọ́.

“Kí lẹ wá fẹ́ fi méjì ṣe, Bàbá Ràfíátù?”

Mo fẹ́ sọ pé torí yanrìn ni. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé ilé yìí ti dákẹ́ jù.

Mo ń gbọ́ igbe ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní kí òun gbé ọmọ, òun ń pè mí padà. Mo kírun ìrọ̀lẹ́ tán, kò tíì pè.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ẹranko tó ń fọ yanrìn, ẹ béèrè ohun tó ń jẹ kí ẹ tó wo ẹwà rẹ̀. Mo ti ra ìgbín mẹ́rin báyìí, wọ́n ń ṣiṣẹ́ wọn. Bí àárò ẹnìkan bá sì ń sọ yín, ẹ tètè sọ fún onítọ̀hún. Èmi pẹ́ kí n tó sọ.

Ẹ̀yin tí ìyàwó yín lọ wẹ ọmọ, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Ẹ kọ ọ́ síbí fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ kó gùn dáadáa, mo ráyè láti kà á.